Òtútù Kọ́ Ló Ń Dá Kẹ̀kẹ́ Dúró

Tí oṣù kọkànlá bá ti wọlé ní London, ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ló máa ń wọ ẹ̀yìnkùlé lọ, tí wọn kì í jáde mọ́ títí oòrùn oṣù kẹrin fi máa yọ. Ẹ bi ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ léèrè, á ní òtútù ni. Mi ò bá a jiyàn. Òtútù ìlú yìí kì í ṣe ohun tí ẹni tí wọ́n bí sí Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú-Òde lè fojú di, torí ọyẹ́ nìkan ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀, ọyẹ́ sì máa ń rọlẹ̀ tí oòrùn bá ti là. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti Peckham lọ sẹ́nu iṣẹ́, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé nínú gbogbo ohun tó ń dojú kọ kẹ̀kẹ́ nígbà òtútù, òtútù fúnra rẹ̀ ló rọrùn jù láti borí. Òkùnkùn, omi ilẹ̀, omi dídì tí ojú ò rí, àti ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò tọ́jú, àwọn yẹn ló yẹ kí á fojú sí.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gan-an. Ẹ wo iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń ṣe ní ìlú yìí: nọ́ọ̀sì, olùtọ́jú àgbàlagbà tó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, ẹni tó ń gbá ọ́fíìsì kí àwọn ọ̀gá tó dé, síkiọ́rítì tó fẹ́ lọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe ti òru. Púpọ̀ nínú wọn gbọ́dọ̀ ti wà lójú ọ̀nà kí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bọ́ọ̀sì òru wà lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń yí ká kó tó débi tí à ń lọ, ibùdókọ̀ tí a sì ti ń dúró dè é kò ní ògiri tó lè dá atẹ́gùn dúró. Ẹni tó dúró lójú kan de bọ́ọ̀sì fún ogún ìṣẹ́jú máa ń tutù ju ẹni tó fi ogún ìṣẹ́jú náà wa kẹ̀kẹ́ lọ. Inú ara wa ni ìdí rẹ̀ wà.

Nínú gbogbo agbára tí iṣan ẹsẹ̀ ń ná nígbà tí a bá ń wa kẹ̀kẹ́, bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló ń dé pẹ́dà. Ìyókù ń di ooru nínú ara. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ti gbé ààrò tirẹ̀ dání. Ohun tó wá máa ń ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé á yọjú lójú fèrèsé, á rí i bí gíláàsì mọ́tò ṣe funfun, á wá kó gbogbo ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọ̀: síńgílẹ́ẹ̀tì òwú, ṣẹ́ẹ̀tì, súwẹ́tà méjì, kóòtù ńlá. Kó tó dé Elephant and Castle, òógùn ti bò ó. Nígbà tó bá dúró níbi iná pupa, òógùn yẹn á tutù mọ́ ọn lára, á sì máa gbọ̀n títí tó fi máa dé ibi iṣẹ́. Á wá sọ fún gbogbo èèyàn pé òtútù London kò jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ ṣeé gùn, nígbà tó jẹ́ pé òógùn ara rẹ̀ ló ṣe é.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ máa ń sọ pé bí èèyàn bá ṣe ń jáde nílé, ó yẹ kí òtútù mú un díẹ̀. Tí ara bá ti móoru lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ti pọ̀ jù nìyẹn. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ara á yá. Aṣọ tó bá kan ara gan-an, kí ó jẹ́ ti irun àgùntàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí aṣọ eré ìdárayá tó ń yára gbẹ. Òwú máa ń mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ. Irun àgùntàn ní tirẹ̀ ṣì ń mú ara móoru bó tilẹ̀ ti rin. Súwẹ́tà kan ṣoṣo ló máa lé e lórí, lẹ́yìn ìyẹn ni jákẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn ò lè gbà kọjá, tó ní síìpù tí a lè fà sílẹ̀ nígbà tí a bá ń gun òkè. Aṣọ iṣẹ́ wà nínú àpò, tàbí kí ó ti wà ní ibi iṣẹ́ láti ọjọ́ Mọ́ńdè.

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Tí ara bá ti mọ̀ pé òtútù ń bọ̀, ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí ọkàn àti àwọn ohun inú yòókù lè móoru. Itan ń ṣiṣẹ́, ó ń dá ooru tirẹ̀ sílẹ̀; ọwọ́ ní tirẹ̀ kàn di irin mú ni. Ti atẹ́gùn tí ìrìn kẹ̀kẹ́ ń fà tún wà níbẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá wà ní dígírì òdo, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ luni ní kìlómítà 20 láàárín wákàtí kan, bí ìgbà tó bá jẹ́ dígírì 5 sísàlẹ̀ òdo ni yóò rí lára awọ. Ìka tó ti kú tipiri kò lè fa bíréékì, ibẹ̀ sì ni ewu wà, kì í ṣe nínú ìrora nìkan. Ìbọ̀wọ́ olówó ńlá tó fún pinpin kò wúlò tó èyí tó gba ìka láyè, nítorí afẹ́fẹ́ tó há sáàárín awọ àti aṣọ ló ń dá òtútù dúró. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń tètè tutù, àpò tí wọ́n ń dè mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni kí ó rà, irú èyí tí àwọn tó ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ kiri ní London ń lò. Ọwọ́ á wọ inú rẹ̀ lọ bá bíréékì àti jíà, atẹ́gùn ò sì ní kàn án. Láti ìgbà tí mo ti de tèmi mọ́ kẹ̀kẹ́ ni ìbọ̀wọ́ tó nípọn ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ti ẹsẹ̀, bàtà tó láyè nínú ló ṣe pàtàkì. Ìbọ̀sẹ̀ méjì tí a fi tipátipá kì sínú bàtà máa ń fún ẹsẹ̀ débi pé ẹ̀jẹ̀ ò ní lè lọ geerege, ẹsẹ̀ á sì tutù ju ti ẹni tó wọ ẹyọ kan lọ. Ní ọjọ́ òjò, mo máa ń fi ọ̀rá tí wọ́n fi di búrẹ́dì bo ìbọ̀sẹ̀ kí n tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Kò dára lójú, àmọ́ ẹsẹ̀ mi kì í rin. Fìlà fẹ́lẹ́ tó bo etí á wà lábẹ́ àṣíborí. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sọ àṣíborí di dandan fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Èmi máa ń dé e ṣá.

Àwọn kan wà láàárín wa tí òtútù jẹ́ ọ̀tá fún ní tòótọ́, mi ò sì ní fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ara wọn léṣe. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde mọ̀ pé òtútù lè dá ìrora ńlá sílẹ̀ lára òun, nítorí ó ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fún, àìmu omi tó nígbà tí a bá ń ṣe wàhálà náà sì lè dá a sílẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó gbé kẹ̀kẹ́ jáde nínú oṣù kìíní, bí dókítà bá sì ní rárá, kí ó gbà. Ẹni tó ní ikọ́ fée náà, kí ó fi aṣọ wé imú àti ẹnu, kí afẹ́fẹ́ tútù má bàa já lu ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí oògùn tó ń fà símú sì wà lápò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òkùnkùn ni ọ̀pọ̀ wa kì í kà sí, bóyá torí pé ibi tí a ti wá kò kọ́ wa. Ní Èkó, ìparí oṣù kejìlá kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìgbà yòókù: oòrùn á ti yọ kí aago méje òwúrọ̀ tó lù, kò sì ní wọ̀ títí aago mẹ́fà ààbọ̀ fi máa kọjá. Ní London lásìkò kan náà, aago mẹ́jọ á ti kọjá kí oòrùn tó yọ, kò sì ní dúró de aago mẹ́rin kó tó wọ̀. Ẹni tó ń wọṣẹ́ ní aago méje, tó ń jáde ní aago márùn-ún, òkùnkùn ló máa bá lọ, òkùnkùn ló máa bá bọ̀, odindi oṣù méjì. Ohun tó wá ń pa ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lára nírú àkókò bẹ́ẹ̀ ni pé awakọ̀ kò rí i.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí iná funfun wà níwájú kẹ̀kẹ́ àti pupa lẹ́yìn láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ títí tó fi máa yọ, kí ohun pupa tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà wà lẹ́yìn pẹ̀lú, kí irú rẹ̀ tó ní àwọ̀ ọsàn sì wà lára pẹ́dà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1985. Ti pẹ́dà yẹn ni àwọn èèyàn máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, bẹ́ẹ̀ òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ohun tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà lójú kan lè jẹ́ òpó, ó lè jẹ́ pátákó, ó lè jẹ́ agolo ìdọ̀tí. Èyí tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ èèyàn, awakọ̀ ò ní pẹ́ mọ̀ pé èèyàn ló wà lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀já fàdákà tí a dè mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì fi wúlò ju èyí tí a gbé kọ́ ẹ̀yìn lọ. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè tó ń kọ yànràn lọ́sàn-án kò ní agbára tó bẹ́ẹ̀ lóru. Ọ̀já fàdákà ara rẹ̀ ló ń dáhùn iná mọ́tò. Kí iná iwájú kọjú sílẹ̀ díẹ̀, kí ó má bàa fọ́ ẹlòmíràn lójú. Òtútù máa ń dín agbára bátìrì kù, nítorí náà iná tó ń lo wákàtí púpọ̀ nínú oṣù kẹjọ lè kú lójijì nínú oṣù kìíní. Kí iná kékeré kan wà nínú àpò tó lè rọ́pò rẹ̀.

Ní ti omi, èyí tó ń ti ojú ọ̀run bọ̀ kì í rin èèyàn tó èyí tó ń ti ilẹ̀ bọ̀. Òjò London kì í sábà le bíi tiwa, wínníwínní ló ń ṣe. Àmọ́ táyà ẹ̀yìn máa ń gbé omi dúdú láti ilẹ̀, á sì fi kọ ìlà gbọọrọ sí ẹ̀yìn ẹni láti ìdí títí dé ọrùn, ti iwájú á da tirẹ̀ sínú bàtà. Màdígáàdì ló ń tán ọ̀rọ̀ yìí. Mo máa ń rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ra kẹ̀kẹ́ eré sísá tí kò ní màdígáàdì rárá, tí wọ́n tún wá ra ẹ̀wù òjò tó wọ́n ju màdígáàdì lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Owó wọn ni wọ́n fi ṣòfò.

Ẹni tó bá rántí kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn tíṣà àti àwọn àgbẹ̀ olóko kòkó ń gùn nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́ á rántí màdígáàdì irin rẹ̀ tó gùn, ìbòrí tó bo ṣéènì, àti iná iwájú tó ń gba agbára lára dáínámò tó ń fara ra táyà. Nottingham ni wọ́n ti ń ṣe é, fún èèyàn tó ń fi kẹ̀kẹ́ lọ síṣẹ́ nínú òjò àti ẹrẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá ní kí n yan kẹ̀kẹ́ ìgbà òtútù lónìí, irú rẹ̀ ni màá yàn. Nottingham náà ni ilé iṣẹ́ Sturmey-Archer ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe jíà tó wà nínú àárín táyà ẹ̀yìn láti ọdún 1902, iyọ̀ àti ẹrẹ̀ kò sì lè débẹ̀. Irú jíà bẹ́ẹ̀ ṣì wà lọ́jà, ó sì dára fún ẹni tí kò ráyè tọ́jú kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́. Bíréékì kẹ̀kẹ́ àtijọ́ yẹn nìkan ni mi ò fẹ́. Rímù irin tí omi bá ti kàn kì í gbọ́ ti bíréékì. Èèyàn á fà á, kẹ̀kẹ́ á ṣì máa lọ. Ti alumíníọ̀mù sàn, ti abala irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín táyà ló sì dára jù nínú omi. Irú bíréékì yòówù tó bá jẹ́ lọ́jọ́ òjò, ẹ fọwọ́ kàn án díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ti fẹ́ dúró, kí ó lè kọ́kọ́ nu omi kúrò lára ohun tó ń dì mú.

Iyọ̀ tí mo dárúkọ yẹn ń fẹ́ àlàyé. Tí òtútù bá fẹ́ mú kí ilẹ̀ dì, ọkọ̀ ńlá máa ń rìn lóru káàkiri London, á máa fọ́n iyọ̀ sí títì, nítorí omi tó bá ní iyọ̀ nínú kì í dì ní dígírì òdo, àfi tí òtútù bá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iyọ̀ kan náà ló ń jẹ irin. Ṣéènì tí a kò bá tọ́jú fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù kìíní á ti pọ́n, á máa dún kíkẹ́kíkẹ́, á sì jẹ eyín jíà dànù. Ìtọ́jú rẹ̀ kò gba àkókò. Mo máa ń fi àkísà di ṣéènì mú nísàlẹ̀, màá máa yí pẹ́dà sẹ́yìn títí dúdú inú rẹ̀ fi máa tán lójú àkísà, màá wá kán òróró kẹ̀kẹ́ sórí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n tún yí i kí òróró lè wọlé, kí n tó fi ibi àkísà tó mọ́ nu èyí tó ṣẹ́kù lóde. Inú ṣéènì ni òróró ti wúlò. Èyí tó wà lóde ẹrẹ̀ ló ń pè. Fún ara kẹ̀kẹ́ yòókù, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ti tó. Ẹ̀rọ tó ń fín omi pẹ̀lú agbára, tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò, á ti omi àti iyọ̀ wọ ibi tí gíríìsì wà, kẹ̀kẹ́ á sì bàjẹ́ láti inú.

Mo ti wá dé ibi tó ń bà mí lẹ́rù. Omi dídì tó ń gbé ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ṣubú ní London kì í funfun; ojú ọ̀dà lẹ ó rí, bí ẹni pé ilẹ̀ kàn tutù lásán. Ó máa ń wáyé ní òwúrọ̀ lẹ́yìn òru tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, pàápàá tí òjò bá ti rọ̀ nírọ̀lẹ́. Nírú òru bẹ́ẹ̀, ooru ilẹ̀ máa ń gòkè lọ láìsí ìkùukùu tó lè dá a padà, ilẹ̀ á sì tutù ju afẹ́fẹ́ lọ. Fóònù lè sọ pé dígírì 2 ni, kí omi orí ilẹ̀ sì ti dì. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé fóònù. Mo máa ń wo koríko iwájú ilé àti gíláàsì mọ́tò: tí wọ́n bá funfun, ọ̀nà Surrey Canal ti di ibi tí mi ò ní gbà nìyẹn. Ọ̀nà yìí, tó ti Peckham lọ sí Burgess Park, odò tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dí i. Kò sí mọ́tò níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, igi ṣíji bò ó, ewé tó rẹ̀ sì máa ń tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó dì níbẹ̀ lóru lè má yọ́ títí di ọ̀sán. Orí afárá náà bẹ́ẹ̀: afẹ́fẹ́ tútù ń gba òkè kọjá, ó ń gba abẹ́ kọjá, nítorí náà afárá á ti dì nígbà tí títì tó lọ bá a ṣì jẹ́ omi lásán. Ìdérí irin àwọn kòtò ojú títì àti ìlà tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sílẹ̀ kò nílò kí omi dì. Omi lásán ti tó láti mú wọn yọ̀.

Tí èèyàn bá ti bá ara rẹ̀ lórí omi dídì, ohun tí ara fẹ́ ṣe ni ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe. Ara á fẹ́ fa bíréékì, á fẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fẹ́ fún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ ọwọ́. Táyà ẹ̀yìn tó bá yọ̀ ṣeé gbà padà, èèyàn á mì, á tún nàró. Tí ti iwájú bá yọ̀, ilẹ̀ ló kù. Nítorí náà, ẹ má ṣe kan bíréékì iwájú. Ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa lọ tààrà, kí apá dẹ̀, kí ẹsẹ̀ máa yí pẹ́dà jẹ́jẹ́, kí ojú wà níbi tí ẹ̀ ń lọ, títí ẹ fi máa kúrò lórí rẹ̀. Gàárì tí a rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ nígbà òtútù á jẹ́ kí ẹsẹ̀ tètè kan ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ táyà tí a dín kù díẹ̀ á jẹ́ kí rọ́bà tẹ́ sílẹ̀ dáadáa. Táyà tó ní ìṣó líle wẹ́wẹ́ lójú rẹ̀ wà, ó ń ta omi dídì mú gidigidi, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń pariwo lórí ọ̀dà, ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ ní London kò sì pọ̀. Nírú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀sì ni èmi máa ń wọ̀, ọkàn mi sì máa ń balẹ̀.

Ibí yìí ni ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu wà: ìlú tó tutù ju London lọ lè dára fún kẹ̀kẹ́ jù ú lọ. Omi dídì tó wà nítòsí dígírì òdo ló ń yọ̀ jù, nítorí omi tín-ín-rín wà lójú rẹ̀. Tí òtútù bá le gan-an, ojú rẹ̀ á gbẹ, yìnyín tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ á sì le, táyà á rí nǹkan dì mú. Oulu, ní àríwá Fínlándì, jẹ́ ìlú tí oòrùn kì í là ju bí wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ lọ lójúmọ́ ní ìparí oṣù kejìlá. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ibẹ̀ lé ní kìlómítà 900. Ilé ẹ̀kọ́ Metsokangas tó wà níbẹ̀ ní akẹ́kọ̀ọ́ bí 1,200, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá ló sì pọ̀ jù nínú wọn, kódà ní òwúrọ̀ tí òtútù bá wà ní dígírì 17 sísàlẹ̀ òdo. Ní ọdún 2013, ìlú yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àpérò àgbáyé lórí kẹ̀kẹ́ gígùn nígbà òtútù.

Àwọn ọmọ Oulu kò ní awọ mìíràn tó yàtọ̀ sí tiwa. Ìjọba wọn ló ya ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ti mọ́tò, tó gbé e gba abẹ́ àwọn títì ńlá, tó fi iná sí i. Tí yìnyín bá bọ́ lóru, ẹ̀rọ á ti kó o kúrò, á ti tẹ́ èyí tó kù mọ́lẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó jáde lówùúrọ̀. Òtútù wọn le ju ohun tí iyọ̀ lè yọ́ lọ, nítorí náà òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń fọ́n sójú ọ̀nà. Copenhagen, olú ìlú Dẹ́nmárkì, tí ojú ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́ ti London jù, ń tọ́jú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ṣáájú ọ̀pọ̀ títì mọ́tò. Ní ìlú wa níbí, títì bọ́ọ̀sì ló ń kọ́kọ́ rí iyọ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀nà kékeré tí wọ́n ní kí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ máa gbà kì í rí i rárá. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fọ́n iyọ̀ síbẹ̀, táyà mọ́tò ló ń lọ iyọ̀ mọ́ omi lójú títì. Ibi tí kẹ̀kẹ́ nìkan ń gbà, iyọ̀ máa ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Èyí ló fà á tí ẹni tó bá fẹ́ sá fún mọ́tò fi ń bọ́ sọ́wọ́ omi dídì. Kò yẹ kí á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀, ó sì ń dùn mí. Láti ọdún 1999 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ní ètò tí ilé iṣẹ́ fi lè ra kẹ̀kẹ́ fún òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì máa yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù kí owó orí tó kàn án. Òṣìṣẹ́ tó ń san owó orí ní ìwọ̀n tó kéré jù lè fi bẹ́ẹ̀ yọ nínú ohun tó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin iye kẹ̀kẹ́ náà, àti ti iná, màdígáàdì àti àgádágodo. Àmọ́ òfin ò jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ tí yóò fi mú owó iṣẹ́ ẹni lọ sísàlẹ̀ owó tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí. Ẹni tó ń gba owó tó kéré jù yẹn gan-an, ìyẹn ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá ọ́fíìsì àti àwọn tó ń tọ́jú àgbàlagbà, kò lè jàǹfààní rẹ̀. Ọ̀gá tó ń dé ní aago mẹ́wàá lè gbà á. Ẹni tó ti gbá yàrá rẹ̀ ní aago márùn-ún kò lè gbà á. Ó yẹ kí wọ́n tún òfin yìí ṣe.

Fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó má ṣe dúró de oṣù kìíní. Kí ó bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án, kí ó kàn má dáwọ́ dúró. Òtútù á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, ara á máa mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀, aṣọ á máa kún ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ó bá ṣe nílò rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ gba ọ̀nà náà ní ọjọ́ Sátidé tí kò sí ìkánjú, kí ó mọ ibi tí omi ń dúró sí, ibi tí iná ò sí, ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń fún ni. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní C10, tó gba Deptford àti Bermondsey lọ sí Waterloo, wúlò fún ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé apá gúúsù ìlú, nítorí ó yẹra fún Old Kent Road àti wàhálà rẹ̀.

Tí ẹ bá sì rí ibi tí omi ti ń dì lójú ọ̀nà yín ní gbogbo òwúrọ̀, ẹ má ṣe kàn yà fún un lójoojúmọ́. Ẹ kọ̀wé sí káńsẹ́lọ̀ àdúgbò yín, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ kọ orúkọ òpópónà náà àti aago tí ẹ gba ibẹ̀, ẹ sì sọ irú iṣẹ́ tí ẹ̀ ń lọ ṣe.